Ìkíni Tó Wọ Inú Wáyà

Òpópónà tí wọ́n bí Ìyá Oníwáyà sí kò sí mọ́. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọ̀dọ́mọbìnrin, àwọn kan gbé katakata wá, wọ́n ní ọ̀nà gbòòrò máa gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì wó o láti igun dé igun. Wọn kò la ọ̀nà kankan. Koríko ló hù síbẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwólulé náà ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń sùn wọra nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní wó. Ibì kan ṣoṣo ni ọwọ́ wọn kò tó: inú orí obìnrin yìí, níbi tí ẹ̀rọ omi ìkóríta ṣì ń kán tó-tó-tó, tí ìyá rẹ̀ ṣì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

Ojoojúmọ́ ni ó ń lọ síbẹ̀. Wáyà ló ń gbé e lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wé wáyà bàbà tuntun sínú ẹ̀rọ iná tó bá ti jóná, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn ń bá ya fọ́tò. Irin rìbìtì ni, egungun ìhà yọ lára rẹ̀ bíi ti màlúù tí ebi ń pa, ọ̀pá kúkúrú kan sì yọ síwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá so ọ̀pá yẹn mọ́ pọ́ǹpù, ó fa omi. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ayùn, ó la pákó. Bí wọ́n bá so ó mọ́ agbada búrẹ́dì, ó po ìyẹ̀fun. Kì í bèèrè ohun tí wọ́n ń fi òun ṣe. Àwọn onílé-iṣẹ́ fẹ́ràn òṣìṣẹ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, títí tí yóò fi jóná.

Iná tó ń wọ inú rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní fésì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dé pọ̀: bí ọ̀kan bá ga, èkejì á máa bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀kẹta á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mí sókè, bí ọmọ ìyá mẹ́ta tó ń lé ara wọn yí ilé ká. Ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín ara wọn kò ṣeé fojú rí. Agbára kan ń yí po nínú òfìfo, irin tó wà láàárín sì ń lé e. Ó ń lé e láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì ní bá a. Ọjọ́ tí ó bá bá a pẹ́nrẹ́n, okun rẹ̀ á pin. Ọ̀gá, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ló kọ́ ọ ní èyí, nígbà tí ojú Ọ̀gá ṣì ń ríran dáadáa. Ó gbọ́ ọ, kò sì yà á lẹ́nu. Òun náà ní ohun tí ó ń lé tí kò ní bá.

Nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka iye. Ẹni tó ń wé wáyà gbọ́dọ̀ ka iye ìgbà tí wáyà yí pákó tí wọ́n ń wé e mọ́ po, kí kọ́ìlì kan, ìyẹn ìdì wáyà kan, má baà sanra ju àbúrò rẹ̀ lọ. Ọ̀gá máa ń ka tirẹ̀ lábẹ́ ahọ́n, kò sì ṣì í rí. Ṣùgbọ́n iye máa ń fò lọ lẹ́nu ọmọbìnrin yìí bí ẹyẹ. Ọ̀gá ti ju kọ́ìlì rẹ̀ lu ògiri rí, ó ní, "Ìwọ yìí, àfi bíi pé o ń wé gèlè." Títí di ọjọ́ tí ó di ojú, tó dúró ní ìkóríta òpópónà wọn, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń yí pákó náà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ kan. Ó kọjá ilé onígbàjámọ̀, ó kọjá ilé tí ajá funfun máa ń sùn sí, ó kọjá alágbàfọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó dúró. Ọ̀gá ka kọ́ìlì náà, ó tún un kà, kò rí àṣìṣe kankan. Láti ọjọ́ náà, kò kà mọ́. Rírìn ni ó ń rìn. Ẹ̀rọ ńlá, wáyà rẹ̀ nípọn, ìrìn rẹ̀ kúrú, kì í ju ilé onígbàjámọ̀ lọ. Ẹ̀rọ kékeré, wáyà rẹ̀ bí irun, á rìn kọjá ilé ìyá rẹ̀ dé odò, á sì padà.

Nítorí èyí ni àkísà pupa ṣe wà. Bí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn, á fi àkísà pupa kan kọ́ sára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n: bí àkísà bá wà níta, ẹni tó bá kí Ìyá Oníwáyà, ara rẹ̀ ló kí. Ọ̀gá, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, tó jẹ́ pé fáníìsì ni ó kù tí ó ń da sórí wáyà, máa ń jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ìṣó náà, á sì máa fi ìka sétè sí ẹni tó bá yọjú. A ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dúró, fún ẹni tó ń jẹun, fún ẹni tí òjò pa. A kò ní ìkíni fún ẹni tí kò gbọdọ̀ dáhùn. Àkísà yẹn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìyá Oníwáyà ní ọmọbìnrin kan, tó ń tajà ní ilé oògùn. Bàbá ọmọ náà ti kú tipẹ́. Ọmọ náà mọ́ tónítóní, aṣọ rẹ̀ funfun, òórùn fáníìsì sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni ó ti pàdé ẹni tí ó fẹ́ fẹ́: ọmọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì, tó gbé ẹ̀rọ agbada wọn tó jóná wá. Ọmọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó yẹ kí ó lọ, kò lọ. Ó ń bèèrè oríṣiríṣi ìbéèrè nípa iná, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọmọ tó gbé oúnjẹ wá fún ìyá rẹ̀. Ọ̀gá, tí kò ríran, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," ó ní, "ẹ̀rọ rẹ nìkan kọ́ ló jóná."

Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọkùnrin náà ló tọ́ ọ dàgbà. Àǹtí ni gbogbo ènìyàn ń pè é; òun ló ni ilé búrẹ́dì. Ọmọkùnrin náà kò ní ṣe ìgbéyàwó tí Àǹtí kò bá fẹ́, kò sì fi èyí pamọ́ fún ọmọbìnrin náà. Àǹtí kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó lọ wo ènìyàn. Ó gbà pé ẹni tó bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, irọ́ ni ó máa wọ̀ sọ́rùn dè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà wá gbá ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Mọ̀mí, ẹ wo àkísà yìí. Ó ti gan bí awọ. Ṣé èyí ni Àǹtí wọn máa kọ́kọ́ rí?"

"Bó bá dé, iṣẹ́ ló máa bá mi lẹ́nu rẹ̀. Kò ní bá mi níbi olè jíjà."

"Ẹ ò kàn mọ bó ṣe ń rí lára mi ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ń rí lára ẹ bí ìgbà tí èèyàn wọ bàtà tó há."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín tipátipá. Nígbà tí ó ń lọ, ó yọ àkísà náà kúrò lára ìṣó inú ṣọ́ọ̀bù, ibi tí ó máa ń wà bí ìrìn kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó gbé e lọ sílé, ó fọ̀ ọ́, ó sì sá a.

Ní ọ̀sán, Ọ̀gá lọ ra pépà tí wọ́n ń tẹ́ sínú ẹ̀rọ kí wáyà má baà kan irin. Ẹ̀rọ ilé búrẹ́dì ni ó wà lórí tábìlì. Ìyá Oníwáyà na ọwọ́ sí ìṣó inú ṣọ́ọ̀bù láti mú àkísà, ọwọ́ rẹ̀ kan irin lásán. Ó wo ìta. Oòrùn ti lé gbogbo ènìyàn wọlé. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, ta ni yóò wá nínú ooru yìí? Ó jókòó, ó so orí wáyà mọ́ pákó, ó di ojú, ó dúró ní ìkóríta.

Ẹ̀rọ omi ń kán. Ọmọdé ni ó máa ń jẹ́ níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wáyà ń bọ̀ láti ara rìlì tí wọ́n wé e mọ́, ó ń gba àárín ìka rẹ̀ méjì kọjá, ó tutù díẹ̀, bí ẹni pé inú omi ni ó ti ń bọ̀. Ajá funfun gbé orí sókè, ó tún gbé e kalẹ̀. Níwájú ilé rẹ̀, alágbàfọ̀ dúró pẹ̀lú ọwọ́ tó funfun fún ìfófòó ọṣẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," alágbàfọ̀ wí.

Ọmọ gidi kì í kọjá àgbà lórí ìdúró. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, mà. Ẹ kú ilé."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá!"

Ó ya ọmọ náà lẹ́nu. Kí ló dé tí àgbà ń pe òun ní ìyá? Ó tún kúnlẹ̀, ó tún dáhùn.

"Àbí kò sí èèyàn níbí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi rèé, mà. Mo ti ń dá yín lóhùn." Ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó ń rìn lọ. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó la ojú.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé òun ló gbé e bọ̀ láti òpópónà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ wọlé, kò bọ́ bàtà.

"Mọ̀mí, ẹ ti pa mí."

"Kí ni mo fi pa ẹ́?"

"Àǹtí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kí yín, ó kí yín, ó tún kí yín! Ó ní ẹ kọjú sí òun báyìí, ẹ dijú, ẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ń yí nǹkan lọ. Ẹ ń fi òun rẹ́rìn-ín! Ó ní obìnrin tí kò lè dá àlejò lóhùn, irú ọmọ wo ló máa tọ́? Ó ti sọ fún ọmọ àbúrò rẹ̀ pé kó wá ibòmíì lọ."

"Kò sí obìnrin kankan tó wá."

"Ó wá, Mọ̀mí!"

Ìyá Oníwáyà rántí irin lásán tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ó bèèrè, ohùn rẹ̀ kò sì ga, "Àkísà mi dà?"

Ó wà lórí okùn lẹ́yìn ilé, ó mọ́, ó pupa ju bí ó ti pupa rí láti ọdún pípẹ́. Àwọn méjèèjì wò ó láti ojú fèrèsé. Ọmọ náà kò tọrọ àforíjì. Ọmọ tó ń tijú iṣẹ́ tó bọ́ ọ kì í tọrọ àforíjì. Ẹkún ni ó ń sun, nítorí pé ẹkún rọrùn jù, ó sì máa ń sọ ẹni tó ṣẹ̀ di ẹni tí à ń rẹ̀ lẹ́kún. Ìyá rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ búrẹ́dì. Ó dọ̀bálẹ̀, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mà, Àǹtí ní kí n gbé ẹ̀rọ wa bó ṣe wà. Àwọn máa gbé e fún ẹlòmíì."

"Ìwọ ńkọ́?" Ọ̀gá bèèrè. "Ṣé ìwọ náà, wọ́n máa gbé ẹ fún ẹlòmíì?"

Ọmọkùnrin náà sorí kọ́. Ọmọlúàbí ni, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí à ń pè ní ọmọlúàbí ni kí ènìyàn máa sorí kọ́ títí ìgbésí ayé rẹ̀ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n fi mítà wò ó ná," Ìyá Oníwáyà wí. "Mi ò kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ jáde láìwò ó."

Òun àti Ọ̀gá ti to gbogbo kọ́ìlì sínú ihò wọn kí ilẹ̀ àná tó ṣú, fáníìsì nìkan ló kù. Ó fi ẹnu mítà kan fésì àkọ́kọ́, ó kan ìkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Ó kan ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó tún un kàn. Bákan náà ni.

"Ó ṣèèṣì ni," Ọ̀gá wí. "Jẹ́ kó gbé e lọ. Á yí. Ooru rẹ̀ á kàn pọ̀ díẹ̀. Kó tó tún jóná, wọ́n á ti gbàgbé ẹni tó wé e."

Ìyá Oníwáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ láti kọ́ìlì dé kọ́ìlì lára fésì kẹta yẹn, ó ń tẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó dé ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó sanra. Ó mọ ìgbà tí ó wé e. Alágbàfọ̀ ni ó padà sí i lójú, ọwọ́ funfun, ohùn tí kì í ṣe ti alágbàfọ̀. *Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá.* Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ títí tí Ọ̀gá fi na ọwọ́ wá ibi tí ó wà.

"Kí ló dé?"

"Mo dá a lóhùn, Ọ̀gá! Ó wà níbí. Mo kúnlẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ mi dúró, ọwọ́ mi ò dúró!"

Ó fa kọ́ìlì náà yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ó tún fa ẹnìkejì rẹ̀ tó dára yọ. Ọ̀gá pariwo pé kí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ sí, pé wáyà tí wọ́n bá ti tú kò ṣeé wé mọ́. Kò gbọ́. Ó kó méjèèjì sínú láílọ́ọ̀nù, ó wọ inú ọkọ̀ búrẹ́dì, ó ní, "Gbé mi lọ sọ́dọ̀ Àǹtí rẹ."

Ní ilé búrẹ́dì, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun nítorí pé kò sí ẹ̀rọ. Èémí wọn ń lọ sókè sódò. Ìyẹ̀fun ń léfòó nínú ìtànṣán oòrùn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ sùn. Àǹtí wà níwájú tábìlì, ó ga, apá rẹ̀ funfun dé ìgúnpá, ó ń gé ìyẹ̀fun sí wẹ́wẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Àǹtí ń gé ìyẹ̀fun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí."

Àwọn òṣìṣẹ́ dẹwọ́. Ọ̀kan húkọ́.

"Ẹ kú làálàá o."

Àǹtí nu ọ̀bẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó dáa," Ìyá Oníwáyà wí. "Ó ti di mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ kí mi. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀."

Àǹtí gbé ojú sókè. "Ṣé ó dùn?"

"Kò dùn, mà."

"Ẹ̀hẹ́n."

Ìyá Oníwáyà sọ ọ́ fún un bí ó ti rí: òpópónà, ìkóríta, ìrìn, alágbàfọ̀ tó máa ń fún àwọn ọmọdé ní omi ọṣẹ kí wọ́n máa fẹ́ ìfófòó. Ó sọ nípa àkísà, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó yọ ọ́. Àǹtí gbọ́ ọ dé òpin.

"Ìyá," ó ní, "mo ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ níbí. Èèyàn ti sọ fún mi pé èkúté ló jẹ odindi ṣúgà àpò kan. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ èyí tó lẹ́wà tó báyìí rí."

"Ẹ jẹ́ ká tú u."

Wọ́n jáde sí àgbàlá. Ìyá Oníwáyà so orí wáyà méjèèjì mọ́ ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì. Òṣìṣẹ́ kan mú kọ́ìlì kan, ọmọkùnrin awakọ̀ mú èkejì, wọ́n sì ń rìn lọ, wọ́n ń tú u. Wáyà ń dán nínú oòrùn. Wọ́n dé ẹnu géètì, wọ́n yí padà, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Kọ́ìlì tó dára tán lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní àárín àgbàlá, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ọmọkùnrin náà ṣì ń rìn. Ó kọjá rẹ̀, ó ń lọ, wáyà ṣì ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu géètì.

Àǹtí rìn lọ bá a. Ó gbé ìyókù wáyà náà sókè, ó wò ó lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó kún fún ìyẹ̀fun.

"Ìkíni mi rèé?"

"Ìkúnlẹ̀ mi ni, mà."

"Ó gùn."

"Ẹ kí mi dáadáa."

Ẹ̀rín fẹ́ jáde lẹ́nu Àǹtí, ó gbé e mì. "Alágbàfọ̀! Nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, alágbàfọ̀ ni mo jọ lójú yín?"

"Ọwọ́ yín ló funfun, mà."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sáré dákẹ́ nígbà tí ó yíjú sí wọn. Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu géètì, ìdí wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," Àǹtí wí fún un. "Mi ò sọ pé mo gbà. Mo ní mo gbọ́."

Ìyá Oníwáyà lọ wé kọ́ìlì méjì tuntun ní ọjọ́ kejì. Ó fi àkísà kọ́ sára ìṣó fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò lọ síbi iṣẹ́, ó jókòó sí igun kan nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ti mọ̀ báyìí pé ohun kan wà tí ìmọ́tótó lè bà jẹ́. Ọ̀gá wà lórí àpótí rẹ̀.

Ìyá Oníwáyà di ojú. Ìkóríta. Omi ń kán. Ó wé kọ́ìlì àkọ́kọ́, ó dé ilé, ó padà. Ó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ó kọjá onígbàjámọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ bàtà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò mọ èwo. Òórùn búrẹ́dì gba òpópónà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń dúró de ohùn tí yóò kí òun, eékún rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀.

Kò sí ohùn kankan.

Ó dé iwájú ilé alágbàfọ̀. Obìnrin gíga kan jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, apá rẹ̀ funfun dé ìgúnpá, ó ká ọwọ́ lé itan. Kò kí i. Ó kàn ń wò ó bó ṣe ń kọjá, bí ẹni ń wo omi. Ọmọ náà kọjá láìkúnlẹ̀, ẹ̀rù ń bà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, ọwọ́ rẹ̀ náà kò sì dúró. Ìyá rẹ̀ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó la ojú.

Àǹtí ni ó jókòó lórí àpótí Ọ̀gá. Ọ̀gá ti dìde fún un, ó dúró ti ògiri, ó ṣì fi ìka sétè. Ọmọkùnrin awakọ̀ wà níta, kò tilẹ̀ mí. Ìyá Oníwáyà kò mọ bí ó ti pẹ́ tó tí obìnrin náà ti jókòó síbẹ̀, obìnrin tí kò dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí, lábẹ́ àkísà pupa.

Ìyá Oníwáyà gé wáyà, ó so ìdí rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti dé?" Àǹtí bèèrè.

"Mo ti dé, mà."

"Ẹ kú àbọ̀, àna mi."

Ìyá Oníwáyà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí fáníìsì ti sọ di dúdú, ó sì dáhùn. Ẹnu ni ó fi dáhùn, gbogbo wọn sì gbọ́.